Owó Ìwé Lọ́dọ̀ Dílà: Ta Ló Ń Jẹ Ẹ́?

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ pé Yorùbá mọ ọjà ná, ẹ tẹ̀ lé ọmọ Yorùbá kan lọ sọ́dọ̀ dílà ọkọ̀ àlòkù ní Houston níbí ní Texas. Yóò yí ọkọ̀ náà po, yóò bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ bóyá ó ń jo ọ́ìlì, yóò ní kí wọ́n tan án kí òun gbọ́ bó ṣe ń dún, yóò sì pe mẹkáníìkì kan ní Ìbàdàn lórí WhatsApp pé kó bá òun gbọ́ ọ. Wọ́n á pe iye kan, yóò rẹ́rìn-ín. Yóò pe iye tirẹ̀, àwọn náà á rẹ́rìn-ín. Wọ́n á fà á títí, agbára káká ni oníṣòwò yóò fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n mú un wọ yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn, kí ẹni tó jókòó síbẹ̀ tẹ ìwé jáde, kó máa sọ pé ẹ fọwọ́ síbí, ẹ fọwọ́ síbí. Ẹnu á pa. Ẹni tó ná ẹgbẹ̀rún dọ́là kúrò lórí ọkọ̀ níta á fọwọ́ sí ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ nínú ilé, á tún dúpẹ́.

Mo ti rí i láìmọye ìgbà, torí èmi ni wọ́n máa ń pè nínú ẹbí àti ní ṣọ́ọ̀ṣì bí ẹnì kan bá fẹ́ ra ọkọ̀ àkọ́kọ́ nílùú yìí. N kò mọ nǹkan kan nípa ẹ́ńjìnnì o. Bí ọkọ̀ bá ń wúkọ́, ẹ má bi mí. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe, ìwé ni mo mọ̀ ọ́n kà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń mú mi dání. Nínú gbogbo ohun tó máa ń wà nínú ìwé yẹn, owó tí dílà ń gbà fún iṣẹ́ ìwé, tí wọ́n ń pè ní doc fee, tí èmi yóò máa pè ní owó ìwé, kọ́ ló tóbi jù. Òun ni wọ́n kàn ń fi ọgbọ́n ṣe jù.

Ní ọdún tó kọjá, àbúrò kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Abẹ́òkúta dé, nọ́ọ̀sì ni, rí Camry kan tó wù ú. Ó pè mí láti ọ̀dọ̀ dílà pé, "Àǹtí, wọ́n ti gbà! 14,000 ni." Mo ní kó má fọwọ́ sí nǹkan kan, kó jókòó, kó máa mu omi tí wọ́n ń fún un, mò ń bọ̀.

Nígbà tí mo débẹ̀, ìwé ti wà lórí tábìlì. Ìlà àkọ́kọ́ ni 14,000 náà, bírò ni wọ́n fi kọ ọ́. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ 995 sí fún ohun tí wọ́n ń pè ní protection package. Lẹ́yìn ìyẹn ni documentary fee, ìyẹn owó ìwé wa, 225. Dealer's inventory tax tẹ̀ lé e, sales tax tẹ̀ lé ìyẹn, lẹ́yìn náà owó title (ìwé tó ń sọ ẹni tó ni ọkọ̀), owó ìforúkọsílẹ̀, àsansílẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ iye tí yóò máa san lóṣù, wọ́n sì fi bírò yí òǹkà náà po lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ni pé 225 yẹn kò rí bíi ti ìlà àkọ́kọ́. Wọn kò fi bírò kọ ọ́. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ mọ́ fọ́ọ̀mù látilẹ̀wá, orúkọ rẹ̀ àti iye rẹ̀, bí ẹni pé bí wọ́n ṣe dá ilé ayé náà nìyẹn. Bírò máa ń sọ fún ojú pé ọ̀rọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ohun tí a bá tẹ̀ máa ń sọ pé ó tán.

Àbúrò mi fọwọ́ kàn án. "Àǹtí, èyí owó ìjọba ni, àbí?"

Mi ò dá a lẹ́bi. Ó wà láàárín àwọn owó orí, ó sì wọ irú aṣọ tí wọ́n wọ̀. Mo ní kó ka àwọn lẹ́tà tín-tìn-tín tó wà lábẹ́ rẹ̀. Òfin Texas fi dandan lé e fún dílà láti kọ gbólóhùn kan síbẹ̀: pé owó yìí kì í ṣe owó ìjọba, pé òfin ò sọ pé dandan ni kí wọ́n gbà á, pé wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ń rajà nítorí iṣẹ́ ìwé, àti pé kò gbọdọ̀ ju iye tó mọ níwọ̀n tí ẹ̀yin méjèèjì bá fẹnu kò sí. Ó kà á, ó tún un kà. "Àwọn fúnra wọn ni wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀?" Ọkùnrin tó jókòó níwájú wa kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó rí ibi tí ìka rẹ̀ wà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé láìjẹ́ pé ẹnì kan bi í.

Ẹ jẹ́ kí n gba ẹjọ́ rẹ̀ rò díẹ̀, torí iṣẹ́ wà ńbẹ̀ lóòótọ́. Bí ẹ bá ra ọkọ̀ lọ́dọ̀ dílà ní Texas, òun ló máa kọ fọ́ọ̀mù 130-U, èyí tí a fi ń béèrè title tuntun, òun ló máa gba owó orí lọ́wọ́ yín kó san án fún ìjọba, òun ló máa fi orúkọ báńkì sórí title bí ẹ bá yá owó ra ọkọ̀, òun ló máa rí sí nọ́ńbà ọkọ̀. Ó ní ọmọ iṣẹ́ kan tó ń gba owó oṣù nídìí èyí. Ẹ̀yin náà ò sì ní pa iṣẹ́ tì lọ tò sórí ìlà ní ọ́fíìsì owó orí. Ó dáa.

Ṣùgbọ́n mo ti ra ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe dílà rí, obìnrin kan tó ń kó kúrò nílùú. Àwa méjèèjì jọ lọ sí ọ́fíìsì owó orí ti Harris County ni. Ó fọwọ́ sí ẹ̀yìn title rẹ̀, a kọ 130-U yẹn kan náà lórí orókún wa nígbà tí a ń dúró kí wọ́n pe nọ́ńbà wa, mo san owó orí 6.25%, mo san dọ́là 33 fún title, mo san owó ìforúkọsílẹ̀, ó parí. Kò sẹ́ni tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa pé a kọ fọ́ọ̀mù. (Ẹ ṣọ́ra o: bí ẹ bá rà lọ́wọ́ aládàáni, ìjọba ní iye tí wọ́n gbà pé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ yẹ kó jẹ́. Bí iye tí ẹ kọ sílẹ̀ bá kéré sí 80% rẹ̀, orí 80% yẹn ni wọ́n máa gba owó orí lé. Àwọn tó ń kọ "ẹ̀bùn ni" sórí fọ́ọ̀mù, ìjọba ti mọ ọgbọ́n yẹn.)

Torí náà, iṣẹ́ wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ ló ń pinnu iye tí wọ́n ń gbà. Ohun tó jẹ́ kí n gbà bẹ́ẹ̀ ni pé iṣẹ́ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà káàkiri Amẹ́ríkà, owó rẹ̀ kò sì jọra rárá. Ní California, ó ti pẹ́ tí òfin ti fi òpin sí i ní dọ́là 85. Ní New York, 175 ni. Níbí ní Texas, 150 ni ìjọba kà sí iye tó mọ níwọ̀n tẹ́lẹ̀, wọ́n gbé e dé 225 ní 2024. Dílà tó bá fẹ́ gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ ní láti fi tó àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ yíyá owó létí. Ní Maryland, níbi tí àwọn èèyàn wa kún fọ́fọ́, 500 ni òpin rẹ̀ títí di àárín ọdún 2024, kó tó di 800. Ní Florida, òfin ò fi òpin kankan sí i, ẹ sì máa rí dílà tó ń gba nǹkan bí ẹgbẹ̀rún dọ́là láìṣẹ́jú. Ṣé ìwé Florida wúwo ju ti California lọ ni? Àbí kọ̀ǹpútà Maryland ló lọ́ra tó bẹ́ẹ̀?

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé, ní Maryland, orí àpapọ̀ iye ọkọ̀ àti owó ìwé ni ìjọba ti ń gba owó orí. Láti oṣù keje ọdún 2025, 6.5% ni owó orí náà. Bí dílà bá gba 800 lọ́wọ́ yín, ẹ ó tún san dọ́là 52 fún ìjọba lé e lórí. Ẹ san owó torí pé ẹ san owó. Mo ti ní kí ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Bowie má ṣe pè mí sí ọ̀rọ̀ yìí mọ́, kí ẹ̀jẹ̀ mi má baà ru.

Ní ti Florida, mo máa ń yìn wọ́n ní ohun kan. Gbólóhùn tí òfin wọn ní kí dílà kọ sórí ìwé sọ pé owó yìí dúró fún ìnáwó dílà àti èrè rẹ̀, fún irú nǹkan bí yíyẹ ọkọ̀ wò, fífọ̀ ọ́, títún un ṣe díẹ̀díẹ̀, àti ṣíṣètò ìwé. Èrè. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Èmi ò lè rí ìwé tó jẹ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀ kí n tún máa bá a jà pé ó purọ́.

Mo rò pé mo mọ ìdí tí ẹnu fi ń pa mọ́ wa lójú ìwé. Nílé, bí ẹ bá ra tòkunbọ̀ ní Berger, owó ọkọ̀ lọ́tọ̀, owó ẹni tó máa bá yín ṣe pátíkúlà àti nọ́ńbà lọ́tọ̀. Agent ni. Ẹ mọ̀ pé ó máa jẹ níbẹ̀, òun náà mọ̀ pé ẹ mọ̀. Ó pe iye kan, ẹ bínú díẹ̀, ó ní ọwọ́ àwọn ọ̀gá inú ọ́fíìsì ni èyí tó pọ̀ ń lọ, ẹ ní kó lọ wá irọ́ míì pa, ẹ sì parí rẹ̀ sáàárín. Kò sí ẹni tó máa ṣi owó agent mú fún owó ìjọba. Níbí, agent wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó jókòó sínú yàrá tó tutù, ó tẹ owó tirẹ̀ sáàárín owó orí àti owó title, ó sì dákẹ́. Àwa tí a mọ̀ ọ́n ná, a wá dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀.

Nǹkan míì tún wà níbẹ̀, èyí sì ṣòro sọ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ìwé ló fi wọ̀lú. Ó ti kọ fọ́ọ̀mù físà, ó ti dúró de lẹ́tà, ó ti san owó lórí owó fún àjọ tó ń yẹ ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì wò láìmọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe, ó sì mọ̀ pé bí òun bá jiyàn, wọ́n lè dá ìwé òun padà. Ìwé ti kọ́ ọ láti má ṣe bá ìwé jiyàn. Nígbà tó bá dé iwájú ìwé dílà, ẹ̀rù yẹn kan náà ló máa ń bá a, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó wà níwájú rẹ̀ kò ju oníṣòwò lọ, tí yóò sun ẹkún bí ó bá dìde lọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Camry. Mo sọ fún ọkùnrin náà pé a ò fẹ́ san 225. Ohun tí gbogbo wọn máa ń sọ ni ó sọ: òfin ò gbà á láyè láti yọ ọ́ fún ẹnì kan kó gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíì. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé irọ́ ni. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ní Texas, dílà kò gbọdọ̀ gba owó ìwé lọ́wọ́ ẹni tó yá owó ra ọkọ̀ bí kò bá gbà á lọ́wọ́ ẹni tó mú owó rẹ̀ lọ́wọ́ wá, nítorí náà iye kan náà ni wọ́n máa ń gbà lọ́wọ́ gbogbo ayé, kí ọ̀rọ̀ má baà di ti ìyànjẹ. Àmọ́ òfin wo ló sọ iye tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́? Mo ní kó fi 225 rẹ̀ sílẹ̀ síbi tó wà, kó má fọwọ́ kàn án, kó kàn kọ 13,775 sí ìlà àkọ́kọ́. Ìlà yẹn, bírò ni wọ́n fi kọ ọ́.

Ó lọ bá méníjà rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó dé. Ó dé pẹ̀lú ìwé tuntun: 13,775. Owó ìwé ṣì wà níbẹ̀, ó dúró gbọin, kò yí padà. Àbúrò mi wo ojú mi, mo ní kó má tíì rẹ́rìn-ín, package ṣì ń bọ̀.

Torí pé owó ìwé kọ́ ni olè inú ilé yẹn o. Òun ni a rí. Package tó jẹ́ 995 ni ó yẹ ká bá jà. Mo bi í pé kí ló wà nínú rẹ̀. Ó ní wọ́n ti fi nǹkan fín àga kó má baà dọ̀tí, wọ́n lẹ rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ọwọ́ ilẹ̀kùn, wọ́n sì fi nitrogen sí táyà. Afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí símú, nǹkan bí 78% rẹ̀ ni nitrogen, ìyẹn ni fọ́kanáísà tó wà létí títì ń fún gbogbo èèyàn. Ó ní kò ṣeé yọ, pé ó ti wà lára ọkọ̀. Ó wá yíjú sí àbúrò mi, ó rọ ohùn, ó ní kò ju ogún dọ́là lóṣù lọ.

Ibẹ̀ gan-an ni owó ń gbà jáde nílé. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò ní kírẹ́dìtì, èlé rẹ̀ máa ń ga. Ẹ jẹ́ ká ní 14% lọ́dún ni, ọdún mẹ́fà ló sì fẹ́ fi san án. 995 á di nǹkan bí dọ́là 20 ààbọ̀ lóṣù, kò fi bẹ́ẹ̀ purọ́. Bí ọdún mẹ́fà bá fi pé, á ti san nǹkan bí 1,476 fún rọ́bà àti afẹ́fẹ́. Owó ìwé 225 náà, bí wọ́n bá kó o sínú gbèsè, á di 334. Kò sí ẹni tó máa ka ìyẹn sí yín létí. Ìdí tí wọ́n fi ń yí iye oṣooṣù po pẹ̀lú bírò nìyẹn. Lóṣooṣù, gbogbo nǹkan ló kéré. Bí ẹ bá gbọ́ "èló lẹ fẹ́ máa san lóṣù?" lẹ́nu oníṣòwò, ẹ má dáhùn. Ẹ ní ẹ kò tíì mọ̀. Iye ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ jọ sọ.

A dìde. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá kọ́kọ́rọ́ mi nínú báàgì nígbà tí méníjà fúnra rẹ̀ jáde wá, ó ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Package tí kò ṣeé yọ, wọ́n yọ ọ́. Kò sẹ́ni tó lọ tú afẹ́fẹ́ inú táyà o.

Èyí tí wọ́n kọ ní dealer's inventory tax, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tún yàtọ̀. Owó orí tí dílà gan-an jẹ ìjọba ni, lórí ọkọ̀ tó wà lọ́gbà rẹ̀. Òfin Texas gbà á láyè kó kọ ọ́ sórí ìwé yín. Orúkọ rẹ̀ jẹ́ owó orí lóòótọ́, àmọ́ tirẹ̀ ni, ẹ̀yin lẹ kàn ń bá a san án. Kì í pọ̀. Mo máa ń fi sílẹ̀, kí n lè rí okun fi bá package jà.

Àjọ FTC ti ìjọba àpapọ̀, tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, gbìyànjú láti tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, wọ́n gbé òfin kan jáde tí ì bá mú kí dílà máa pe iye tí ọkọ̀ máa jẹ́ pátápátá láti ìbẹ̀rẹ̀, yàtọ̀ sí owó ìjọba nìkan, tí ì bá sì fòfin de títa ohun tí kò wúlò fún ẹni tó ń rà á. Nitrogen inú táyà tí kò ju ti afẹ́fẹ́ lásán lọ wà lára àpẹẹrẹ tí wọ́n fúnra wọn kọ sínú òfin náà! Ẹgbẹ́ àwọn dílà gbé wọn lọ sí kóòtù. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn tó wà ní New Orleans fagi lé òfin náà, nítorí pé FTC fo ìgbésẹ̀ kan nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Kóòtù kò sọ pé ohun tí àwọn dílà ń ṣe dára. Ìgbésẹ̀ ni wọ́n wí. Torí náà, ọwọ́ oníkálukú ló kù sí, àti ọwọ́ ìpínlẹ̀ tó bá ń gbé.

Ohun tí FTC ṣe tó ṣì dúró, láti ọdún 1985, ni ìwé Buyers Guide tí wọ́n gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ fèrèsé ọkọ̀ àlòkù kọ̀ọ̀kan. Ẹ wò ó kẹ́ ẹ tó wo àwọ̀ ọkọ̀. Bí wọ́n bá fàlà sí As Is, bó ṣe wà lẹ rà á nìyẹn. Bó bá kú lójú títì kẹ́ ẹ tó délé, ẹ̀yin lẹ ni òkú. Ó wà lórí ìwé náà pé kẹ́ ẹ ní kí wọ́n kọ gbogbo ìlérí ẹnu sílẹ̀, torí pé ìlérí ẹnu ṣòro mú wọn sí. Bí wọ́n bá fi èdè Spanish ná ọjà, òfin ní kí wọ́n fún oníbàárà ní Buyers Guide tó wà ní èdè Spanish. A ò tíì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ sì jọ̀ọ́, kò sí ọjọ́ mẹ́ta tí òfin ìjọba àpapọ̀ fi sílẹ̀ láti dá ọkọ̀ padà. Mo mọ̀ pé wọ́n sọ fún yín. Òfin ọlọ́jọ́ mẹ́ta yẹn wà fún ohun tí wọ́n gbé wá tà fún yín lẹ́nu ọ̀nà ilé yín, kò kan ọkọ̀ tí ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín lọ rà lọ́gbà dílà.

Bí a bá ní ká sọ òótọ́, ìwé tó yẹ kí ọkàn wa wà lára rẹ̀ ni title fúnra rẹ̀, ju owó tí wọ́n gbà lé e lórí lọ. Ní Texas, dílà ní ọjọ́ 30 láti lọ béèrè fún un lórúkọ yín. Àwọn kan ń fà á ju bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá àwọn ọgbà kéékèèké tó jẹ́ pé owó tí ẹ san ni wọ́n máa fi lọ san gbèsè tí wọ́n jẹ lórí ọkọ̀ náà kí title tó lè jáde. Ẹni tó fẹ́ fi ọkọ̀ ṣe ẹsẹ̀ rìn ní Houston lè máa rojọ́ kiri. Ẹni tó rà á láti fi ránṣẹ́ sílé kò lè rìn rárá. Kí ọkọ̀ tó kúrò ní èbúté ní Amẹ́ríkà, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ojúlówó title han àwọn Kọ́sítọ́ọ̀mù, ó kéré tán, wákàtí 72 ṣáájú. Bí báńkì bá sì ní gbèsè lórí rẹ̀, báńkì gbọ́dọ̀ kọ̀wé pé àwọn gbà kó lọ. Mo mọ àwọn tí ọkọ̀ wọn dúró sí ọgbà ẹni tó ń báni kó ẹrù, tí owó ìdúró ń gun orí ara wọn lójoojúmọ́, nígbà tí ẹni tó yẹ kó gba ọkọ̀ ní Tin Can ń pè láràárọ̀. Wọ́n ti san owó ìwé o. Ìwé ni wọn ò rí. Nítorí náà, bí wọ́n bá gba owó yìí lọ́wọ́ mi, ìbéèrè tèmi ni pé: title dà báyìí, ọwọ́ ta ló wà, ọjọ́ wo ló máa dé? Mo máa ń ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó ní title nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀ kì í bínú sí ìbéèrè yẹn.

Ní báyìí, n kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ jókòó nínú yàrá kékeré yẹn láìjẹ́ pé a ti parí ọ̀rọ̀ láti ilé. Ìmélì ni mo máa ń kọ, ọ̀kan náà, sí gbogbo dílà tó ní irú ọkọ̀ tí a ń wá. Mo máa ń ní kí wọ́n kọ iye kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí mi, gbogbo ohun tí oníbàárà máa san kí ọkọ̀ tó jáde lọ́gbà wọn: owó ọkọ̀, owó ìwé, owó orí, title, nọ́ńbà, àti ohunkóhun tí wọ́n bá ti lẹ̀ mọ́ ọn. Mo máa ń sọ pé a ó mú owó báńkì tiwa wá, kí èlé má bàa wọ inú ọ̀rọ̀. Ojú máa ń là nígbà náà. Dílà kan pe ọkọ̀ rẹ̀ ní 13,700, ó tún ní package 1,295 àti owó ìwé 225. 15,220 nìyẹn kí owó ìjọba tó wọ̀ ọ́. Èkejì pe tirẹ̀ ní 14,400, owó ìwé 150, kò sí nǹkan míì: 14,550. Lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ti àkọ́kọ́ ni gbogbo èèyàn ń sáré lọ wò.

Àwọn kan máa ń dáhùn kí iṣẹ́jú márùn-ún tó pé, gbogbo rẹ̀ á wà níbẹ̀, ìlà lórí ìlà. Àwọn kan á ní kí n kọ́kọ́ wá wo ọkọ̀ ná, pé tí mo bá dé, a ó jọ sọ̀rọ̀. Èmi kì í lọ.